Orúkọ Wo Ni Wọ́n Fi Yín Pamọ́ Sínú Fóònù?

Kí ẹ tó ṣírò èrè tí ẹ jẹ lórí ọjà tí ẹ ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ tí àwọn oníbàárà fi nọ́ńbà yín pamọ́ sí. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù ní Lomé, “Èlùbọ́ Akparé” ni èmi ń jẹ́. Àwọn kan ti ń rajà lọ́wọ́ mi tipẹ́ tí wọn kò mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí, kò sì dùn mí rárá. Lọ́jọ́ tí àmàlà bá wù wọ́n, tí wọ́n tẹ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ sínú fóònù, èmi ló máa yọjú.

Ìlú àwa Ifẹ̀ ni Akparé, ní ẹkùn Ogou, nítòsí Atakpamé ní Tógò. Ana ni àwọn mìíràn ń pè wá. Iṣu kì í ṣe oúnjẹ lásán lọ́dọ̀ wa. Bí tuntun rẹ̀ bá jáde, ọdún ńlá ni à ń ṣe fún un, Odon-Itsu. Èlùbọ́ iṣu ni mo ń tà, àwọn Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá ṣòwò ní Lomé ni mo sì ń tà á fún. N kò ta gàrí, n kò ta epo pupa. Ẹni tó bá bèèrè bàtà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá a lóhùn.

Irú òwò yìí, kí ènìyàn mú ọjà kan fún irú oníbàárà kan kó sì fi ìyókù sílẹ̀, máa ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ agbègbè wa lẹ́rù. Wọ́n gbà pé bí ọjà bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta irun, ìkòkò, ìpara, aṣọ ọmọdé àti ike omi lórí WhatsApp, ti bá mi jiyàn títí. Ó ní, “Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.” Mo ní, “Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà wọ ọjà, ìsọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa jókòó sí.”

Ìsọ̀ yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Ọjà àwọn baba wa kì í ṣe rúdurùdu. Aláta ní ìsọ̀ tirẹ̀, aláṣọ ní tirẹ̀, ẹlẹ́ja sì wà níbi tí òórùn rẹ̀ kò ti ní ba aṣọ ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tó ń wá aṣọ òkè n'Íbàdàn mọ̀ pé Ọjà Ọjẹ́ ni òun ń lọ. Ẹni tó ń wá fóònù l'Ékòó, Computer Village ní Ìkẹjà ni. Oníbàárà ti mọ ohun tó fẹ́ kó tó jáde nílé, ìsọ̀ ló ń mú un dé ọ̀dọ̀ olùtajà. Ìdí nìyẹn tí aláta mẹ́wàá fi lè jókòó ní ìlà kan tí gbogbo wọn á sì tà: wọ́n ń bá ara wọn pe èrò ni.

Íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ìsọ̀. Ibi tí ènìyàn ti ń wo fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ni ọjà yín ti ń kọjá, láàárín ìròyìn bọ́ọ̀lù àti àdúrà òwúrọ̀ pásítọ̀. Bí ẹ bá gbé bàtà jáde lónìí, tòmátò lọ́la, fóònù àlòkù lọ́tùnla, ẹni tó ń wò yín kò mọ ibi tó máa fi yín sí nínú ọkàn rẹ̀. Ó máa kọjá lọ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tajà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìsọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, kó fi í ṣe orúkọ.

WhatsApp tilẹ̀ ní òfin kan tí àwọn tó ń fi í tajà kì í fiyè sí. Ìkéde tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn pa pọ̀, tí àkójọ rẹ̀ kì í gbà ju ènìyàn 256 lọ, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́. Bó ti wù kí fọ́tò yín rẹwà tó, kò ní rí i. Ta ló sì máa fi nọ́ńbà ẹni tó ń ta ohun gbogbo pamọ́? Kí ni yóò pè é?

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta bàtà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà 37 títí dé 42, ó gbọ́dọ̀ ní dúdú, ó gbọ́dọ̀ ní pupa. Èyí tí kò bá tà, owó tó sùn ni. Èlùbọ́ kì í ní nọ́ńbà. Nítorí pé ohun kan ni mo kó owó lé, mo lè ra gbodo púpọ̀ nígbà ọyẹ́, nígbà tí iṣu wà tí oòrùn sì mú, kí n pa á mọ́ di ìgbà òjò tí yóò wọ́n. Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi mí kì í yí padà, mo sì ti gba ohùn mi sílẹ̀ tó ń dá wọn lóhùn: bí a ṣe ń bẹ iṣu, tí a ń bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná láì jẹ́ kó jinná, tí a ń fi í sílẹ̀ mọ́jú, tí a sì ń sá a títí yóò fi le bí òkúta. Mo ń gbé àpò fún awakọ̀ tó ń lọ sí Lomé láti Atakpamé, ọ̀nà tó tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Mo fi nọ́ńbà awakọ̀ àti ti ọkọ̀ ránṣẹ́. Oníbàárà rán oléyia rẹ̀, ìyẹn ọlọ́kadà tiwa, kó lọ gbà á ní gáréèjì. Owó á ti wọlé lórí Flooz tàbí Mixx, tí a fi ń sanwó lórí fóònù. Bí mo bá ń fi ọwọ́ kan ta ẹja tútù, ìlànà yìí kò lè ṣiṣẹ́.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń ta nǹkan kan ló ń mọ̀ ọ́n dénú. Àwọn kan ń po láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ ará Ṣakí, òkèlè kan ṣoṣo ló nílò láti mọ̀. Bí Ẹ̀gbá bá pè mí pé láfún gan-an ni òun fẹ́, mo ní obìnrin kan tí mo ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, òun náà sì ń darí àwọn tó ń wá èlùbọ́ sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá ń ta ohun gbogbo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo ayé ni orogún rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube ló gbé ọgbọ́n yìí dé, ẹ lọ bi àwọn àgbà ní Ọjà Ńlá Lomé. Àwọn obìnrin oníṣòwò tí à ń pè ní Nana Benz ti ń ṣe é kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Áńkárá ilẹ̀ Hóláńdì ni wọ́n ń tà, ti ilé-iṣẹ́ Vlisco tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond ní ọdún 1846. Aṣọ títà kọ́ ló sọ wọ́n di olówó, torí kò sí ìlú tí wọn kì í tií taṣọ. Àdéhùn ni. Àwọn tó tóbi jù nínú wọn ní àwòrán aṣọ tó jẹ́ tiwọn, tí ilé-iṣẹ́ kò ní tà fún oníṣòwò mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá yẹn lẹ máa lọ, ìbáà ṣe Ouagadougou tàbí Abidjan lẹ ti wá. Dédé Rose Creppy wà lára àwọn tí orúkọ wọn kàn jù. Wọ́n ra Mercedes-Benz débi tí ó fi wọ orúkọ wọn, ìjọba Ààrẹ Eyadéma sì ń yá ọkọ̀ wọn fi gbé àlejò pàtàkì. Ẹ wò ó ná: obìnrin ọjà ń yá ìjọba ní mọ́tò!

Oṣù kìíní ọdún 1994 ni nǹkan dàrú. Wọ́n dín agbára owó sẹ́fà kù sí ìdajì: fàráǹ Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100. Aṣọ tó ń ti òkè òkun bọ̀ di ọ̀wọ́n gógó. Lẹ́yìn náà ni áńkárá tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, tó fara jọ tiwọn tó sì pọ́ọ́kú, gba ọjà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀rí pé gbígbájúmọ́ ohun kan ló pa wọ́n. N kò gbà. Oníbàárà kọ́ ló kọ̀ wọ́n. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ọjà wọn ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn náà wà ní òkè òkun, owó àjèjì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí ohun tí a ń tà jẹ́ ẹyọ kan kò ní kí ibi tí a ti ń rà á jẹ́ ẹyọ kan. Èmi kì í ra gbodo ní Akparé nìkan. Mo ń rà á ní abúlé mìíràn ní Ogou, mo sì ní ẹni tí mo lè pè ní apá Anié bí òjò bá ba tiwa jẹ́.

Ọmọ Tógò mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni Olowo-n'djo Tchala, ọmọ bíbí Kaboli. (Orúkọ rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀ fún ẹni tó ń ka Yorùbá.) Òun àti ìyàwó rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ Alaffia sílẹ̀ ní Olympia, ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ìpara kún ọjà Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló sì ń ṣe é. Òrí tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń fi ọwọ́ po ní Sokodé ni wọ́n gbé wọ ibẹ̀, wọ́n sì wá àwọn tó fẹ́ mọ ẹni tó ṣe ohun tí wọ́n ń fi para, kí wọ́n sì san án lówó tó tọ́. Àwọn àgbẹ̀ wa náà ṣe nǹkan tó jọ ọ́. Tógò kò lè bá Brazil du ọjà sóyà. Èyí tí wọn kò fi oògùn tàbí ajílẹ̀ òyìnbó gbìn ni Tógò gbájú mọ́, ó sì wà lára àwọn tó ń kó irú rẹ̀ lọ sí Yúróòpù jù.

Ilé-iṣẹ́ Gozem, tí à ń fi fóònù pe ọkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú, ọ̀kadà nìkan, ní Lomé nìkan, ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 2018 kó tó máa wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Amazon tí ẹ ń wò yìí, ìwé nìkan ló ń tà ní 1995.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ tiyín? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn láti rà ní Lomé. Gbogbo ẹni tó ní owó ọkọ̀ ló lè rà á. Ẹ wo ohun tí àwọn ènìyàn kan ń wá kiri tí wọn kò rí, tí wọ́n á tún fẹ́ rà bí ó bá tán, tí ẹ sì mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ nítorí ibi tí wọ́n bí yín sí tàbí iṣẹ́ tí ẹ kọ́. Aṣọ ìgbéyàwó lè dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á. Àmàlà kì í tán láyé. Bí ẹni tó ń wá nǹkan náà kò bá pọ̀ ní Atakpamé, ẹ ka àwọn tó wà ní Lomé, Cotonou àti Paris mọ́ wọn. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì dára fún nìyẹn, ó ń kó àwọn tó fọ́n káàkiri jọ.

Mo mọ ààyè tó ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ wa. N kò tíì rí ẹni tó gbájú mọ́ èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. N kò rí ẹni tó ń ta ìtàn àti àlọ́ Ifẹ̀ tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Faransé. Àwọn oníjó Tchébé, tó ń jó lórí igi gíga ní Atakpamé, gbogbo Tógò ló mọ̀ wọ́n, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ pè wọ́n sí òde kò mọ nọ́ńbà tó máa tẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ogou, ẹ mú ọ̀kan. Kí ẹ tó ya fọ́tò kankan, ẹ kọ́kọ́ wá ogún ènìyàn tó ti ń wá nǹkan náà, kí ẹ sì bi wọ́n ní iye tí wọ́n lè san.