Ọmọ Ọ̀dọ̀ ní Ilẹ̀ Yewa: Iṣẹ́ Tí Òfin Kò Rí

Iṣẹ́ ìtọ́jú ni gbogbo làálàá tí ènìyàn ń ṣe láti bójú tó ọmọ wẹ́wẹ́, aláìsàn, arúgbó àti ilé tí wọ́n ń gbé, yálà owó wà nídìí rẹ̀ tàbí kò sí. Obìnrin ló ń ru ẹrù rẹ̀ níbi gbogbo: Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2018 pé nínú wákàtí tí aráyé ń lò sí irú iṣẹ́ yìí láìgba owó, ti obìnrin lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní Ìlaròó, Ayétòrò àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, nígbà tí ọjà, oko àti omi pípọn bá pa pọ̀ mọ́ ọmọ títọ́, tí agbára ìyàwó ilé kò sì ká a mọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sábà máa ń wá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí baálé ilé lè gbà ṣe. Báyìí ni ẹrù ṣe ń ti orí obìnrin kan bọ́ sí orí òmíràn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tí kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Àṣà gbígba ọmọ tọ́ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, kò sì burú ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi àdéhùn fà ní ọdún 1889 la àárín ẹbí kan náà kọjá, ó fi Ìmẹ̀kọ sí apá kan, ó fi Kétu sí apá kejì, síbẹ̀ àwọn ìbátan kò yé rán ọmọ sí ara wọn, pẹ̀lú ìrètí pé ẹni tó gbà á yóò bọ́ ọ, yóò kọ́ ọ níṣẹ́ tàbí kí ó rán an ní ilé ìwé. Ohun tó ba àṣà náà jẹ́ ni alárinà, ẹni tí kò bá ọmọ tan, tí kò bá onílé tan, ṣùgbọ́n tó ń kó ọmọbìnrin láti orílẹ̀-èdè Benin gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wá sí Ògùn àti Èkó, tó sì ń gba owó iṣẹ́ wọn. Ọmọ tó jí ní ìdájí, tó gbálẹ̀, tó fọṣọ, tó pọn ìkókó títí di alẹ́, lè lo odindi ọdún láìfojú kan kọ́bọ̀ nínú owó ara rẹ̀.

Ní ọdún 2003, ìjọba Nàìjíríà kó àwọn ọmọ Benin tó lé ní 200 kúrò nídìí òkúta fífọ́ ní agbègbè Abẹ́òkúta, ó sì dá wọn padà sílé. Ní 2005, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn láti gbógun ti fífi ọmọ ṣòwò. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n gbangba ni ibi ìfọ́kúta wà. Ọmọbìnrin tó wà nínú ilé onílé kò hàn sí ẹnikẹ́ni, nítorí olùyẹ̀wò iṣẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn yàrá ìdáná.

Òfin kò ṣàìsí fún ọmọdé. Òfin Nàìjíríà tó de fífi ènìyàn ṣòwò, ti ọdún 2015, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n láti gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2006. Àgbàlagbà obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ni òfin gbàgbé. Owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 ní 2024, Ògùn sì fi tirẹ̀ sí ₦77,000, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ilé wo ló gba ọmọ ọ̀dọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Àdéhùn 189, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní 2011, ti là á sílẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ inú ilé máa gba owó rẹ̀, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó ní wákàtí 24 tó tẹ̀léra láti fi sinmi lọ́sẹ̀, kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Guinea fọwọ́ sí i ní 2017. Nàìjíríà kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ohun ìtìjú sì ni.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fún òṣìṣẹ́ ọkùnrin rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ ní ìsinmi ọjọ́ 14. Kò kan àgbẹ̀ tàbí ọlọ́kadà Ayétòrò, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ pé baba nípìn-ín nínú títọ́ ìkókó. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù àti Àríwá Yewa bá kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, tí wọ́n sì ń san owó tó tọ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyá ọlọ́jà kò ní máa wá ọmọ ọlọ́mọ kiri. Kí Àbújá fọwọ́ sí Àdéhùn 189. Kí onílé tó ní òṣìṣẹ́ nínú ilé kọ iye owó àti ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sínú ìwé, kí ó san án lé e lọ́wọ́ láìgba ọwọ́ alárinà, kí baálé ilé sì gba ọmọ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀.