Sálẹ́ńsà Ọkọ̀: Ohun tí Orúkọ Rẹ̀ Kò Sọ

Ìfáàrà

Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá, sálẹ́ńsà ni àgbá irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn, tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá kó tó jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà: silencer, èyí tó ń pa ariwo lẹ́nu mọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní muffler, èyí tó ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Àwọn ará Bùràsíìlì sì ń pè é ní silencioso. Orí ariwo ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé. Ó rọrùn, nítorí náà, láti gbà pé bí etí bá ti lè fara da ariwo ọkọ̀, kò sí ewu. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí sálẹ́ńsà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń bà á jẹ́ àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, láti fi hàn pé èyí tó léwu jù lára sálẹ́ńsà tó ń jò ni èyí tí kì í pariwo.

Bí sálẹ́ńsà ṣe ń ṣiṣẹ́

Epo àti afẹ́fẹ́ ló ń gbiná nínú sìlíńdà ẹ́ńjìnnì. Nígbàkigbà tí fáàfù èéfín bá ṣí, èéfín gbígbóná a bú jáde. Bí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, irú ìbújáde bẹ́ẹ̀ 100 ni yóò wáyé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Òun ni etí ń gbọ́ bí ariwo. Ní ọdún 1897 ni Milton Reeves àti Marshall Reeves, ọmọ ìyá kan náà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun èlò tí yóò dín ariwo yìí kù ní Amẹ́ríkà.

Nínú àgbá náà ni a ti ń rí páìpù tí a dá lu ní ihò wẹ́wẹ́ àti yàrá kéékèèké tí irin pẹlẹbẹ pín níyà. Ìgbì ohùn tó bá wọlé a kọlu ògiri, a padà, a sì pàdé ìgbì mìíràn tó ń bọ̀. Níbi tí òkè ìgbì kan bá ti bọ́ sínú kòtò ìgbì kejì, wọn a pa ara wọn rẹ́. Ariwo nìkan ni sálẹ́ńsà ń dá lẹ́kun. Kì í fọ èéfín mọ́. Iṣẹ́ ìyẹn jẹ́ ti kátálíìsì tó wà níwájú rẹ̀, èyí tó ń lo platinum, palladium àti rhodium láti sọ gáàsì olóró di èyí tí oró rẹ̀ dín kù. Bẹ́ẹ̀ kátálíìsì kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bó bá gbóná.

Ewu tí kì í pariwo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní èéfín ni ìwà, kò ṣéé bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n carbon monoxide tó wà nínú èéfín ọkọ̀ ṣéé bò: kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ hemoglobin ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, èyí tí èèyàn lè kà sí àárẹ̀ tàbí ibà. Bí páìpù bá jò lábẹ́ ọkọ̀, gáàsì yìí lè gba ihò ara ọkọ̀ tàbí búùtù wọlé, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́: nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó tàbí nínú òtútù Toronto, tí gbogbo fèrèsé wà ní títì. Ikú tó fẹ́ pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ ká dú. Ariwo tuntun lábẹ́ ọkọ̀ ni ṣíṣí fìlà náà.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Lítà epo bẹntiróòlù kan tó bá jóná ń mú omi bíi lítà kan jáde. Nínú ìrìn gígùn, ooru a lé omi náà jáde gẹ́gẹ́ bí oruku. Nínú ìrìn kúkúrú, a dúró sínú àgbá, a sì jẹ irin láti inú wá. Ní ìlú Ọba àti Kánádà, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín tún ń jẹ ẹ́ láti òde. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá di tòkúnbọ̀, tòun ti ìpẹtà rẹ̀ ni yóò gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Kutọnu. Wẹ́dà lè lẹ ihò kan pa, ṣùgbọ́n bí irin bá ti fẹ́lẹ́ láti inú, ihò mìíràn yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni a ó ti há táyà, tí a ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, tí a ó sì gbé e ka orí ẹsẹ̀ irin; a kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Awò ìdáàbòbò ojú ṣe pàtàkì, nítorí ìpẹtà a máa já bọ́ sójú. A ó ta epo sí àwọn nọ́ọ̀tì, a ó tú wọn, a ó sì yọ sálẹ́ńsà kúrò lára rọ́bà tó gbé e kọ́. Rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló yẹ fún sálẹ́ńsà tuntun. A ó kọ́kọ́ gbé e kọ́ láìfún nọ́ọ̀tì le, kí a tó lè tún un tò kó má baà kan ara ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fún wọn le láti iwájú lọ sẹ́yìn. Níkẹyìn, a ó tan ẹ́ńjìnnì ní ìta gbangba, a ó sì fi omi ọṣẹ pa oríkèé páìpù kó tó gbóná. Ibi tó bá ń hó ló ń jò.

Àgbálọgbábọ̀

Ìlànà ọdún 1986 lórí ọkọ̀ ní ìlú Ọba pàṣẹ pé kí sálẹ́ńsà máa wà ní ipò tó dára, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe yí i padà kí ariwo lè pọ̀ sí i. Ariwo náà ni apá òfin yìí mẹ́nu bà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun èlò náà ti ṣe. Onímọ́tò tó bá mọ ìyókù kò ní bi mẹkáníìkì bóyá ariwo ti dákẹ́ nìkan. Yóò bi í bóyá èéfín ṣì ń jò níbikíbi kó tó dé ẹnu páìpù ẹ̀yìn.