Nígbà tí òfò ọmọ bá ṣẹ̀ nínú ilé tó ní àṣà méjì

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn àti káàkiri Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ òfò ọmọ kì í yá wa lẹ́nu. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́dọ̀ wa ló ti ní ọmọ lókè òkun, àwọn kan sì ti fi òyìnbó ṣe àna. Bí ọmọ bá kú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìbànújẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí kálukú ṣe ń ṣọ̀fọ̀ yàtọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọdé. A kì í se àsè, a kì í lu ìlù. Wọ́n á tètè sin ín, àwọn òbí kì í sì í dé ibojì, torí pé ọmọ ló yẹ kó sin òbí. Ẹni tó wá kí wọn á ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ìyẹn ni pé ìyá ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọra yẹra fún orúkọ ọmọ náà, kí wọ́n má baà tún ṣí ojú ọgbẹ́ ìyá. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ. Ìyá ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni. Òbí fúnra wọn ló ń tẹ̀lé òkú ọmọ lọ sí ibojì. Wọ́n ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń rántí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìyàwó òyìnbó lè gbọ́ "agbè ò fọ́" bíi pé ọmọ òun ò já mọ́ nǹkan kan. Ìyá ọkọ náà lè rí fọ́tò ọmọ lára ògiri, kó rò pé ìyàwó fẹ́ fi ẹkún pa ara rẹ̀ ni.

Ẹ wo ìdílé Damilola Taylor. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1989. Ní 2000, ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, torí ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n fi àfọ́kù ìgò gún un ní Peckham nígbà tó ń ti ilé-ìkàwé bọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kó pé ọmọ ọdún 11. Àwọn òbí rẹ̀, Richard àti Gloria, kò jẹ́ kí orúkọ náà parẹ́. Wọ́n dá àjọ Damilola Taylor Trust sílẹ̀ láti ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ibùdó àwọn ọ̀dọ́ kan ní Peckham ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Gloria kú ní 2008, Richard sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí òun náà fi kú ní 2024.

Ẹ má rò pé àṣà òyìnbó nìkan nìyẹn o. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn bàbá wa á gbẹ́ ère ìbejì. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa wọ̀ ọ́ láṣọ, á sì máa fún un lóúnjẹ. Àwọn náà mọ̀ pé ìyá nílò nǹkan tó lè dì mú.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ kí irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè: "Ṣé ká máa dárúkọ rẹ̀, àbí ká dákẹ́?" Bí ìyá bá fẹ́ kẹ́ ẹ dárúkọ, ẹ dárúkọ. Bí bàbá bá ní òun ò lè dé ibojì, ẹ má pè é ní ọ̀dájú. Ẹkún kan náà ni àwọn méjèèjì ń sun.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú rẹ̀ gbà á. Àmín.