Ìmúrasílẹ̀ fún Ìrìnàjò Orí Alùpùpù Nínú Aṣálẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Ẹni tí ó bá gbàgbé fìlà rẹ̀ sílé ní ọjọ́ ìnáwó, ojú ni yóò tì í, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbàgbé omi sílé ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí aṣálẹ̀, ó lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa gígun alùpùpù la aṣálẹ̀ kọjá, níbi tí kò sí ọ̀nà ọ̀dà, tí a ó sì máa pàgọ́ sùn ní alaalẹ́, kì í ṣe bí a ti ń gun alùpùpù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́, bí kò ṣe bí a ti ń múra sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ilo-Awela ní ìlú Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò ilé-iṣẹ́ ni, alùpùpù kò sì wọ́n níbẹ̀. Bí táyà ọlọ́kadà kan bá jò, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí fọ́kánísà tí yóò lẹ̀ ẹ́. Bí epo rẹ̀ bá tán, yóò ti alùpùpù rẹ̀ dé ilé epo. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò rí ẹni tí ń ta omi inú ọ̀rá. Bí ó bá ṣubú, àwọn ènìyàn yóò sáré pé lé e lórí. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣe ètò kan fún nǹkan wọ̀nyí. Àwùjọ ni ó ti bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú aṣálẹ̀, kò sí fọ́kánísà, kò sí ilé epo, kò sí olómi, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe. Ohun tí ènìyàn kò bá gbé lọ, kò ní í bá a níbẹ̀.

Aṣálẹ̀ tí ó súnmọ́ wa jù lọ ni Sàhárà. Ó tóbi tó bí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án kìlómítà níbùú lóròó, èyí tí ó fi ju ìlọ́po mẹ́sàn-án ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Àwa tí a kò dé ibẹ̀ rí pàápàá mọ eruku rẹ̀, nítorí láti apá ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá bo òrùlé wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iyanrìn nìkan ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, àpáta àti òkè gíga wà níbẹ̀, òkìtì iyanrìn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀sán, oòrùn a máa jó ni bí iná. Ní òru, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, òtútù a máa mú ni títí eyín yóò fi máa gbá ara wọn.

Nígbà kan rí, igi akéṣíà kan ṣoṣo wà ní ilẹ̀ Ténéré, ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Kò sí igi mìíràn nítòsí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, àwọn oníràkúnmí sì máa ń fi í mọ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga kan sí ẹ̀bá rẹ̀, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ lọ ju 30 mítà lọ láti wá omi. Ní ọdún 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlù ú, ó sì wó o lulẹ̀. Ẹ kíyè sí i: igi tí kò lè rìn pàápàá ti wá omi rẹ̀ jìnnà kí ó tó lè gbé inú aṣálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò yìí kì í ṣe àlọ́ fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2022, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London wá sí Èkó. Ó gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Ó la Mọ́rókò, Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà àti Mauriténíà kọjá, kí ó lè pe àkíyèsí ayé sí ogun tí ẹgbẹ́ Rotary ń bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà. Ọ̀nà ọ̀dà wà ní ibi tí ó pọ̀ nínú ọ̀nà tí ó gbà. Síbẹ̀ ooru ibẹ̀ kò yàtọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni orí bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1977, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Thierry Sabine ń gun alùpùpù nínú ìdíje láti Abidjan sí Nice nígbà tí ó ṣìnà nínú aṣálẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí ó kú kí wọ́n tó rí i. Òun ni ó wá dá ìdíje Paris sí Dakar sílẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 1978. Èyí tí ó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n rí òkú ènìyàn 92 ní àríwá Nìjẹ̀r, nítòsí ààlà Àlgéríà. Obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kì í ṣe arìnrìnàjò afẹ́. Wọ́n ń wá ọ̀nà àtijẹ ni. Ọkọ̀ tí ó gbé wọn ni ó bàjẹ́, òùngbẹ ni ó sì pa wọ́n. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ní Ọ̀tà, ìdádúró lásán ni. Bí ó bá bàjẹ́ nínú aṣálẹ̀, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni.

Báwo ni a ṣe ń múra nígbà náà? Ohun àkọ́kọ́ ni àkókò àti ọ̀nà. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni ooru Sàhárà máa ń rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ ní àárín ooru fẹ́ dán ikú wò ni. Kí arìnrìnàjò wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa, kí ó sì sàmì sí gbogbo ibi tí kànga àti ilé epo wà. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ bóyá omi ṣì wà nínú kànga náà, nítorí pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ó sì gba ìwé ìrìnnà, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú kí ó tó kúrò nílé.

Ohun kejì ni ìṣirò omi àti epo, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí a ṣirò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ibi tí a fẹ́ là kọjá jẹ́ 400 kìlómítà láìsí ilé epo. Alùpùpù tí ń fi lítà epo kan rin 20 kìlómítà lórí ọ̀dà lè má rìn ju 15 lọ nínú iyanrìn. Bí a bá pín 400 sí ọ̀nà 15, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 27. A ó fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un nítorí ìṣìnà; yóò di lítà 34. Ní ti omi, ẹni tí ń ṣe wàhálà nínú ooru lè nílò tó lítà 8 ní ọjọ́ kan fún mímu àti fún oúnjẹ. Bí ìrìnàjò náà bá jẹ́ ọjọ́ 2, kí a fi ọjọ́ 2 mìíràn kún un, bí alùpùpù bá lọ bàjẹ́. Èyí jẹ́ lítà 32.

Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Lítà epo kan tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò ju kìlógíráàmù 57 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 péré. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: a kò tíì gbé àgọ́, a kò tíì gbé oúnjẹ, ẹrù wa ti ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n fi ń fi aṣọ àti ohun afẹ́ sílé, ṣùgbọ́n tí kì í dín omi kù. Kí ó má sì ṣe kó gbogbo omi sínú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo, nítorí bí ó bá jò, gbogbo rẹ̀ ni yóò dànù.

Ohun kẹta ni alùpùpù fúnra rẹ̀. Kí a gbé tíúbù, ohun ìlẹ̀ táyà, páńpù, púlọ́ọ̀gì, ṣéènì àti irinṣẹ́ dání, kí a sì ti kọ́ bí a ti ń lò wọ́n ní ilé. Eruku a máa dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí. Nítorí náà kí a máa nu asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní alaalẹ́. Bí iyanrìn bá rọ̀, a ó dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ó lè tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Bí a bá dé ilẹ̀ líle, a ó fọn ọ́n padà. Òwúrọ̀ kùtù ni ó dára jù láti rìn, kí a sinmi lábẹ́ ibòòji nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Kí akoto má ṣe kúrò lórí.

Ohun kẹrin ni ibùdó. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí a ti pàgọ́. Kí a má ṣe pa á sí ojú odò tí ó gbẹ, bí ó ti wù kí ibẹ̀ tẹ́jú tó, nítorí pé òjò tí ó rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn lè sọ ibẹ̀ di àgbàrá lójijì. Ní òwúrọ̀, kí a gbọn bàtà wa kí a tó wọ̀ ọ́. Àkeekèé fẹ́ràn ibi tí ó ṣókùnkùn.

Ohun karùn-ún ni ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá lọ. Kí a sì fi ìwé sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni kan nílé, kí a kọ ọ̀nà tí a ó gbà sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gbúròó wa. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, kí ó ké sí àwọn aláṣẹ. Bí alùpùpù bá bàjẹ́ pátápátá, kí a dúró tì í lábẹ́ ibòòji, nítorí ó rọrùn fún àwọn tí ń wá ni láti rí alùpùpù ju ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ pé àwọn ọlọ́tẹ̀ àti ajínigbé wà ní apá kan, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní Málì àti Nìjẹ̀r lónìí, kí ó yà kúrò níbẹ̀. Kí a yí ètò padà kì í ṣe ojo.

Ẹni tí kò ní ọ̀nà àtilọ sí Sàhárà lè fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe ìwà hù. Kí ó ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó nílò, kí ó ṣirò rẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé, "Bí èyí bá kùnà, kí ni n ó ṣe?" Ìbéèrè náà wúlò fún ẹni tí ń lọ sí Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ó ti wúlò fún ẹni tí ń la Sàhárà kọjá. Ìgboyà dára, ṣùgbọ́n ìgboyà kò ṣe é mu nígbà tí òùngbẹ bá dé. Omi tí a ti wọ̀n láti ilé ni í gbé ènìyàn dé ibi tí ó ń lọ, tí í sì í mú un padà sọ́dọ̀ àwọn tí ń retí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ọlọ́kadà Ilo-Awela ní tí arìnrìnàjò inú aṣálẹ̀ kò ní?
2. Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́ lára igi Ténéré?
3. Bí ibi tí a fẹ́ là kọjá bá jẹ́ 300 kìlómítà, lítà epo mélòó ni a ó gbé? Ṣe ìṣirò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe é lókè.
4. Èéṣe tí kò fi yẹ kí a pàgọ́ sí ojú odò tí ó gbẹ?
5. Kọ àròkọ lórí ìrìnàjò kan tí ìwọ fúnra rẹ múra sílẹ̀ fún.