Àrokò Inú Sẹ́ẹ̀lì: Àlàyé lórí Ìwúkàrà Ẹmu

Ìwúkàrà inú ẹmu tí à ń rà ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni bù sí i. Kí adẹ́mu tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni odindi ara rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó ń sọ ṣúgà inú ẹmu di ọtí. Báwo ni ohun tí kò lójú, tí kò létí, ṣe ń mọ̀ pé ṣúgà wà níta? Kí ni ó sì fà á tí ìwúkàrà méjì fi lè gba ìròyìn kan náà kí wọ́n hùwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?

Ó rọrùn láti pe ohun tí ó ń gbé ìròyìn yìí ní 'àmì'. Lójú tiwa, àrokò ni ó bá a mu jù, nítorí pé àrokò kò já mọ́ nǹkan láìsí olùgbà tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ gbọ́ 'fà' nínú ẹ̀fà kí ó tó mọ̀ pé ọkàn ẹnìkan fà sí òun. Lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ni.

Ọ̀nà tí àrokò ṣúgà ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ó gba ọ̀dọ̀ purotéènì Ras ni a ó mú. Bí ṣúgà bá pọ̀, Ras a tají, a mú kí èròjà kékeré kan, cAMP, pọ̀ sí i. cAMP a sì tú PKA sílẹ̀. Àṣẹ tí PKA ń pa ni pé kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà, kí ó pín, kí ó dẹ ìṣọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ń pa Ras lẹ́nu mọ́ ni Ira1 àti Ira2. Bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, sẹ́ẹ̀lì a máa dàgbà bí ẹni pé ayé dẹrùn, ooru a sì bá a láìmúra.

Jíìnì ni ó ń pinnu bí àwọn olùgbà wọ̀nyí ṣe rí. Ìwúkàrà ní nǹkan bí 6,000 jíìnì, a sì ti ka gbogbo wọn láti 1996. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ oríṣi 1,011 wò ní 2018, ìdílé ọ̀tọ̀ ni ìwúkàrà ẹmu ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́. Kì í ṣe ọmọ wáìnì Yúróòpù rárá. Ṣáájú èyí, ní 2011, àwọn olùwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n mú ìwúkàrà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (ti ọtí ìbílẹ̀ mìíràn ni, kì í ṣe ti ẹmu), wọ́n sì mú un gun ti Àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n ń da àwọn ọmọ wọn pọ̀ mọ́ra láti ìran dé ìran, lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹgbàágbèje wọn sínú ooru líle. Lára jíìnì tí ó pinnu ẹni tí yóò yè ni IRA1 àti IRA2. Oúnjẹ kan náà, ooru kan náà; àwọn tí ó ń ka àrokò ni ó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ọtí. Àwa ènìyàn náà ní Ras, a sì ní ìbátan Ira tí a ń pè ní NF1. Ras tí ó kọ̀ láti dákẹ́ wà lára ohun tí ó ń fa jẹjẹrẹ. Àbùkù inú NF1 sì ń mú kókó hù lára awọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní 'àmì' nìkan yóò máa wá àléébù sínú iṣẹ́ tí a rán, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí ni ó wà. Nítorí náà ni a ṣe dábàá 'ipa-ọ̀nà àrokò' fún èdè-ìperí kíláàsì wa, àti 'ẹ̀dà jíìnì' fún ìrísí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí jíìnì kan lè ní.