Oṣù Mẹ́ta Kò Tó fún Ẹni tí Ilé-Ìwòsàn Pa Lára

Bí aláìsàn bá kú ní ilé-ìwòsàn, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ní Èrúwà, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá, ni pé àmúwá Ọlọ́run ni. A kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹlẹ́yà, nítorí òun ni ó ń tu àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ikú tí ó ti ọwọ́ àìbìkítà wá ní ẹni tí yóò dáhùn fún un níwájú adájọ́, àwọn tí ó sì mọ èyí láàárín wa kò pọ̀.

Kì í ṣe òní ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1961, ẹjọ́ kan wáyé lórí ilé-ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. Obìnrin kan bímọ níbẹ̀, dókítà sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí ó máa ṣọ́ ọ. Kò pẹ́ tí obìnrin náà já láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin, ó sì kú. Ilé-ẹjọ́ wí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ti tó láti fi hàn pé a kò ṣọ́ ọ bí ó ti yẹ, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ilé-ìwòsàn lẹ́bi. Ẹ kíyèsí i pé ẹrù náà kò já lé nọ́ọ̀sì nìkan lórí: ó já lé ẹni tí ó gbà á síṣẹ́.

Èyí tọ́ lójú wa. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í sọ fún ará Èrúwà bí nǹkan ti ń wọ́n oníṣègùn ní ìgbèríko. Olóògbé Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójọbí, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Irú rẹ̀ kò pọ̀. Kí nọ́ọ̀sì máa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, kí a sì wá máa bèèrè owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ òun nìkan, ìyẹn kì í ṣe òdodo. Ẹni tí ó ni ilé-ìwòsàn ni kí ó san án. Bí owó bá ń jáde lápò rẹ̀, yóò rántí ra iná àti oògùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé bí wa nínú nìyí. UCH tí a ń gbé aláìsàn Èrúwà lọ, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òfin kan sì wà láti 1916 tí ó dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá láti ìgbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ tàbí tí ó dáwọ́ dúró. Oṣù mẹ́ta péré! Kí a tó ṣe ogójì ọjọ́ òkú tán, ó kù díẹ̀ kí ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ẹni tí a gbàgbé nǹkan sí nínú nígbà iṣẹ́ abẹ sì lè má mọ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Irú òfin yìí wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1893. Wọ́n pa á rẹ́ ní 1954. Àwọn tí ó ni ín ti sọ ọ́ nù, àwa tí a yá a lò ṣì so ó mọ́rùn, ó sì wà nínú ìwé òfin wa ti 2004.

Ẹni tí ó tilẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ lákòókò kò tíì bọ́. Obìnrin kan tí abẹ́rẹ́ ṣẹ́ sí nínú nígbà iṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Benin bá ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ, ó sì pàdánù níbẹ̀ ní 2006. Àwọn dókítà ṣàlàyé bí abẹ́rẹ́ náà ti ṣẹ́. Òun kò mú oníṣègùn mìíràn wá láti jẹ́rìí sí tirẹ̀. Èló ni àgbẹ̀ Ìbàràpá yóò fi wá oníṣègùn tí yóò jẹ́rìí?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni àwọn ènìyàn ń gbé ìwé wá bá láti kà fún wọn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tètè bèèrè àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ẹni wọn. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba gbé jáde ní 2018 fún wọn láṣẹ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì rí agbẹjọ́rò kí oṣù kejì tó pé. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí ẹni tí ń fẹ́ ṣojú Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá àti Ìdó bá dé, ẹ gba ìrẹsì rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í bí yóò ti ṣe sí òfin 1916 nígbà tí ó bá dé Abújà. Ọdún mẹ́ta ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fún ẹni tí a pa lára nílẹ̀ wọn lónìí. Bí tiwa bá bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kan, a ó gbà á.