Red Hat tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń tún sọ́fítíwià rẹ̀ dì: ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọkàn àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lo CentOS Linux 8 balẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwià náà, ìrètí wọn sì ni pé àtúnṣe rẹ̀ yóò máa wá títí di ọdún 2029. Àfi bí ilé-iṣẹ́ Red Hat ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe kéde lọ́jọ́ kẹjọ oṣù náà pé ìparí ọdún 2021 ni òun yóò dá a dúró. Ó lé ní ọdún méje tí wọ́n gé kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ ohun tí Red Hat ń tà. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, tó sì ń ṣiṣẹ́ bíi Unix, kì í ṣe ti Red Hat. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn káàkiri àgbáyé ni. Ohun tí Red Hat ń ṣe ni pé ó ń kó àwọn sọ́fítíwià wọ̀nyí jọ, ó ń dán wọn wò, ó sì ń dì wọ́n ní pákéèjì tí wọ́n ń pè ní RPM. Nínú pákéèjì kọ̀ọ̀kan ni sọ́fítíwià fúnra rẹ̀ wà, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ àwọn pákéèjì mìíràn tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn, àti èdìdì tí kọ̀ǹpútà yóò fi mọ̀ pé ọwọ́ Red Hat ló ti wá lóòótọ́. Inú sítọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó wọn sí. Ẹni tó bá san àsansílẹ̀ ló ń rí àyè wọ sítọ̀ náà, tó sì ń rí ẹni pè bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nídìí rẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL, tó de Linux àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwià yìí, sọ pé ẹni tí wọ́n bá fún ní sọ́fítíwià lẹ́tọ̀ọ́ láti rí kóòdù tí wọ́n fi ṣe é. Ó lè tún un ṣe, ó sì lè pín in. Ó dà bí ilé búrẹ́dì tí òfin ní kó fi bó ṣe ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ han oníbàárà. Ẹlòmíràn lè ṣe irú búrẹ́dì náà, kó má tilẹ̀ gba kọ́bọ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ tẹ orúkọ ilé búrẹ́dì àkọ́kọ́ sára ọ̀rá tirẹ̀. Bí CentOS ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004 nìyẹn: wọ́n mú kóòdù tí Red Hat gbé síta, wọ́n yọ orúkọ àti àmì Red Hat kúrò, wọ́n sì tún un dì. Oracle náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2006, ó sì ń gba owó lórí ìtọ́jú rẹ̀.

Lọ́dún 2014, CentOS bọ́ sábẹ́ Red Hat. Lọ́dún 2019, IBM ra Red Hat ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. Lẹ́yìn ìkéde ọdún 2020, CentOS Stream ló kù, níbi tí wọ́n ti ń dán ohun tó ń bọ̀ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sanwó. Rocky Linux àti AlmaLinux wá jáde lọ́dún 2021 láti dí àlàfo náà.

Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Red Hat tún ní kóòdù CentOS Stream nìkan ni yóò wà ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ kóòdù ojúlówó gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ oníbàárà, àdéhùn sì fún Red Hat láyè láti fòpin sí àsansílẹ̀ ẹni tó bá ń fi ohun tó rí gbà ṣe ìpínkiri. Red Hat ní àwọn tó kàn ń tún iṣẹ́ òun dì láìfi nǹkan kan kún un jẹ́ ewu fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú sọ́fítíwià yìí. Àwọn alátakò dáhùn pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni Red Hat náà kó jọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Oracle, SUSE àti CIQ dá OpenELA sílẹ̀ láti máa pín kóòdù náà. AlmaLinux ní tirẹ̀ kò ṣe ẹ̀dà géérégé mọ́. Ohun tó ń lépa ni pé kí sọ́fítíwià tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ti Red Hat lè ṣiṣẹ́ lórí tirẹ̀.

CentOS 7 náà parí lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Sáfà tó bá ṣì ń lò ó kò rí àtúnṣe ààbò gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é mọ́, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì sì mọ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, kí oníṣòwò tó gbé àkọsílẹ̀ owó àti orúkọ oníbàárà rẹ̀ lé sọ́fítíwià kankan lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń bá a tọ́jú kọ̀ǹpútà léèrè pé: Ta ló ń ṣe àtúnṣe rẹ̀? Ọjọ́ wo ni àtúnṣe náà yóò dáwọ́ dúró? Bọ́jọ́ náà bá sì pé, ibo la lè kó lọ, èló ni yóò ná wa?